Oògùn Tèmi, Àrùn Tirẹ̀

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń kọ́ àwọn aláìsàn ẹlẹgbẹ́ mi ní ẹ̀kọ́ nípa àtọ̀gbẹ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yàn mí sípò. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo jẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹnu olùkọ́ kì í bá olùkọ́ fẹ̀yìn tì. Ní ọjọ́ kílíníìkì wa ní Ọ̀wọ̀, a máa ń dé láàárọ̀ kùtù láìtíì fẹnu kan nǹkan kan, kúlà oúnjẹ wa á wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ wa, a ó máa dúró kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wa kí á tó lè jẹun. Ebi kì í jẹ́ kí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́ lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ọ̀rọ̀ la fi ń tan ebi. Tíṣà ni wọ́n ń pè mí. Bí ẹni tuntun bá dé, tó ń sunkún pé wọ́n ní òun ní ìtọ̀ ṣúgà, èmi ni wọ́n máa ń nawọ́ sí.

Ohun tí mo máa ń sọ kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ, mo sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka kátíkísìmù. Mo ní àrùn àgbà ni, àrùn ẹni tó ti jẹ, tó ti yó, tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo ní ẹnu ni oògùn rẹ̀, ẹni tó bá kó ẹnu rẹ̀ níjàánu, ó ti rí ìwòsàn. Mo sì ní ẹni tí kò bá gbọ́rọ̀, abẹ́rẹ́ ni ìkẹyìn rẹ̀. Gbólóhùn kẹta yìí ni ó máa ń wọ̀ wọ́n lára jù. Àwa tí à ń jókòó síbẹ̀, abẹ́rẹ́ ínsúlínì ni a bẹ̀rù jù láyé. Bí dókítà bá ní kí ẹnì kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í gún un, ojú tí a fi máa wo onítọ̀hún, bí ẹni tí wọ́n ti ń wá aṣọ funfun sílẹ̀ fún ni. Ṣùgbọ́n oògùn oníhóró, a máa ń yá ara wa. "Tíṣà, tèmi ti tán, ẹ bá mi wá mẹ́rin." N ó tú báàgì, n ó kà á sí i lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó rí i bí ohun tó burú. Àrùn kan náà ló ń ṣe wá, kí ló dé tí oògùn wa kò fi ní jẹ́ ọ̀kan?

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ mi nígbà náà. Àbúrò mi ti di olóògbé, ọmọ yìí nìkan ni ó fi sílẹ̀ sáyé. Bàbá ọmọ ń ṣe oko ní Àfò, ó sì gbà kí ó máa gbé pẹ̀lú mi ní Ọ̀wọ̀ kí ó lè lọ ilé ìwé gírámà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, ẹnu rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ yá, Mọ́mì Ọ̀wọ̀ ni ó ń pè mí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe máa ń jẹ́ kí ó mọ̀ lọ.

Ní tọ́ọ̀mù kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Bí ó bá ti ilé ìwé dé, kò ní tíì bọ́ bàtà tí yóò ti gbé ife. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní, "Ṣé o fẹ́ mu kànga wa gbẹ ni?" Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń jẹun bí ẹni tó ti oko dé, síbẹ̀ síkẹ́ẹ̀tì ilé ìwé rẹ̀ ń jábọ́ ní ìdí rẹ̀, ó fi píìnì há a. Ó ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóru. Èyí ni ó jẹ́ kí n fura. Mo gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń wo ṣúgà mi jáde, mo gún ọmọ náà lórí ìka. Nọ́ńbà tí ó kọ ga ju èyí tí mo ní lọ́jọ́ tí tèmi burú jù.

Ó yẹ kí n sá lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. N kò sá lọ síbì kankan. Ó dùn mí, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n mo tún rò ó pé wàhálà tí mo mọ̀ ni, pé ara mi ni ọmọ yìí ti jogún rẹ̀, pé ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n jù ni ó bọ́ sí. Kí ni dókítà fẹ́ sọ tí n kò tíì sọ fún igba ènìyàn? Mo mú nínú oògùn tèmi, mo fi ọ̀bẹ gé e sí méjì nítorí pé ọmọdé ni, mo ń fún un ní ìlàjì láàárọ̀, ìlàjì nírọ̀lẹ́. Mo gba iṣu, mo gba gàrí àti búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí ẹ̀kúnwọ́ kan síwájú rẹ̀, mo gbo ewúro fún un. Ó sunkún ebi. Mo ní kí ó fara dà á, pé èmi náà fara dà á.

Mo kọ àkọsílẹ̀ ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sínú ìwé, bí olùkọ́ ṣe ń kọ ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn sí ìwé náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, ọjọ́ Sátidé, ó ń fọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Mo pè é, kò dáhùn. Mo bá a tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń mí bí ẹni tó sáré gun òkè, bẹ́ẹ̀ ni kò tilẹ̀ dìde rìn. Èémí rẹ̀ ń rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Ó ti bì sórí aṣọ tó ń fọ̀. Mo ní kí ó dìde, ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí. Mo pariwo. Aládùúgbò mi kan tí ó ń fọ mọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́ ló fi ọṣẹ sílẹ̀ lára mọ́tò náà, tó gbé wa lọ.

Dókítà tó gbà wá jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin, ọmọ Ìjẹ̀bú ni bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣe gbogbo ohun tó ń ṣe láìpariwo. Nígbà tí wọ́n ti fi omi sí ọmọ náà lápá méjèèjì, ó yíjú sí mi.

"Ìyá, ṣé ọmọ yìí ti lo oògùn kankan nílé?"

Mo ní, "Rárá o."

Báyìí ni mo ṣe pa irọ́. Èmi, obìnrin tó ti na ọmọ ẹlòmíràn nítorí irọ́ pípa fún ọdún márùndínlógójì.

Ó di ọjọ́ kẹta kí ọmọ náà tó lajú dáadáa tó sì béèrè oúnjẹ. Ìgbà yẹn ni dókítà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní àtọ̀gbẹ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú tèmi. Mo fẹ́ bá a jiyàn. Mo ní àtọ̀gbẹ ni àtọ̀gbẹ ń jẹ́.

Ó ní, "Ìyá, orúkọ ló bá ara mu. Ẹ wò ó báyìí. Oúnjẹ tí a jẹ wà nínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹrù tó wà lójà. Ó ní alábàárù tó ń rù ú wọlé fún ara. Ínsúlínì ni alábàárù yẹn. Tiyín ṣì wà, ó ti ń rẹ̀ ẹ́ ni, ilé kì í sì í tètè ṣílẹ̀kùn fún un mọ́. Oògùn tí ẹ̀ ń lò ń ràn án lọ́wọ́. Bí ẹ bá dín oúnjẹ kù, ẹrù rẹ̀ á fúyẹ́. Ṣùgbọ́n alábàárù ti ọmọ yìí ti kú. Kò sí ẹni tí oògùn máa ràn lọ́wọ́. Ẹ lè fi ebi pa á títí, kò sí ẹni tó máa ru ìwọ̀nba tó jẹ wọlé. Àfi kí á máa fi abẹ́rẹ́ rán alábàárù mìíràn wọlé, lójoojúmọ́, ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀."

Mo bi í pé kí ló pa alábàárù náà. Ó ní ara ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló kọjú ìjà sí ibi tí ínsúlínì ti ń jáde, lẹ́yìn ikùn, ó sì bà á jẹ́. Kì í ṣe ohun dídùn tó jẹ, kì í ṣe ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, kì í sì í ṣe ogún tèmi bí mo ṣe rò. Ó ní oríṣi kìíní ni wọ́n ń pè é, pé tèmi ni oríṣi kejì, pé òmíràn tún wà tí ó máa ń mú aboyún, tí ó sábà máa ń lọ lẹ́yìn tó bá bímọ. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá lórí bẹ́ǹṣì, n kò mọ̀ ju ẹyọ kan nínú wọn lọ, tèmi náà sì ni. Bí a ti mọ̀ ọ́n gún, tí a mọ̀ ọ́n tẹ̀ tó, iyán ewùrà kò ní ṣaláì lẹ́mọ, ṣùgbọ́n èmi, ẹ̀mí ọmọ ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gún mọ́ iyán tèmi.

Ìbá dára kí n jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀ yẹn. Bàbá ọmọ ti wọlé dé láti Àfò, ó dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún mi níwájú gbogbo wọ́ọ̀dù, ó ń ní, "Àǹtí, ẹ ṣeun, ẹ̀yin lẹ gba ọmọ mi là." Mo ní kó dìde, pé Ọlọ́run ló ṣe é.

Nígbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀, nọ́ọ̀sì fi ọsàn kọ́ ọmọ náà bí a ṣe ń gún abẹ́rẹ́. Ó mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó tó jẹun, ó máa ń ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó máa ń gún ikùn, ó máa ń ka ìwọ̀n oògùn náà jáde kí n lè gbọ́. Láàárín oṣù kan ara rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò, píìnì kúrò ní síkẹ́ẹ̀tì. Iṣu ń wọ ẹnu rẹ̀. Mo ń dúpẹ́, mo sì ń yẹra fún bẹ́ǹṣì, mo ń sọ fún wọn pé orí ń fọ́ mi.

Ìsinmi dé, ó lọ sí Àfò lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Iná kì í fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ti kọ́ wa bí a ṣe ń gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú èyí tó tóbi, kí á da iyanrìn tútù sí àárín wọn, kí ínsúlínì má baà gbóná. Bàbá rẹ̀ ra ìkòkò méjèèjì, ó tò wọ́n fúnra rẹ̀ ní igun pálọ̀. N kò ní kí ẹ kà á sí ẹni tí kò nífẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀.

Ó pé ọ̀sẹ̀ kejì, foonù mi dún láàárọ̀.

"Mọ́mì Ọ̀wọ̀, òùngbẹ ń gbẹ mí."

Mo ní, "Abẹ́rẹ́ ńkọ́?"

Ó ní, "Dádì ní kí n sinmi abẹ́rẹ́. Ó ní kí n máa gún un lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kí n máa jẹ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan, títí tí n ó fi lè fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀."

N kò jẹun, n kò pààrọ̀ aṣọ. Mọ́tò gbé mi dé Ìdóàní, mo gun ọ̀kadà láti ibẹ̀, erùpẹ̀ bò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ohun tí mo pinnu lójú ọ̀nà ni pé ọmọ yìí kò ní kú, bí mo tilẹ̀ máa gbé e sá lọ. Nígbà tí mo wọlé, ó wà lórí ẹní, ètè rẹ̀ ti gbẹ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dá mi mọ̀. Mo fi ọwọ́ kan iyanrìn inú ìkòkò. Ó gbẹ táútáú.

Bàbá rẹ̀ kí mi dáadáa, ó gbé àga fún mi. Èdè Àfò kì í ṣe èdè Ọ̀wọ̀, Yorùbá tí gbogbo wa kọ́ ní ilé ìwé ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, ó sì máa ń yan ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.

Mo ní, "Kí ló dé tí o fi dín abẹ́rẹ́ ọmọ yìí kù?"

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí mo mú bàbá mi wá sí kílíníìkì yín? Ẹ ní ẹnu ni oògùn. Ẹ ní abẹ́rẹ́ ni ìkẹyìn. Gbogbo ọ̀nà oko ni mo fi ń rò ó, kí ló dé tí ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, fi máa wà ní ìkẹyìn? Ẹ̀yin gan-an, ọdún mọ́kànlá, ẹ kò gún un rí. Mo ní kí ó ṣe bíi tiyín."

Mo gbìyànjú ọ̀rọ̀ alábàárù. Ó tẹ́tí sí mi, ó mi orí, ó ní ọ̀rọ̀ dókítà nìyẹn, pé àwọn dókítà ò lè ṣe kí wọ́n má ní kí ènìyàn máa padà wá. Mo rí i pé kò sí ohun tí mo lè fi borí Tíṣà àfi Tíṣà fúnra rẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ojú tì mí.

Mo ní, "Mo ti ṣe ohun tí ò ń ṣe yìí fún un. Nílé mi. Kí ó tó dákú."

Ó ní, "Kí lẹ ṣe?"

"Oògùn tèmi ni mo gé sí méjì fún un. Mo fi ebi pa á. Mo fi ewúro lé e. Ohun tó gbé e dé ọsibítù nìyẹn, kì í ṣe pé mo gbà á là. Ọjọ́ mẹ́sàn-án."

"Oògùn tiyín?"

"Tèmi."

"Dókítà mọ̀?"

"Mo purọ́ fún un."

Mo rò pé yóò pariwo. Kò pariwo. Ó wo ọmọ tó wà lórí ẹní, ó wò mí, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè ilé rẹ̀ tí n kò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún un sọ lọ́nà tí mo fi máa gbọ́.

"Ẹ jáde nílé mi."

Mo dìde. Bí mo ṣe ń wá bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ tí ó ń bi ọmọ náà pé, "Mélòó ni wọ́n ní kí o máa gún? Kà á kí n gbọ́." Ọmọ náà ń kà á. N kò kúrò níbẹ̀ títí ó fi kà á dé òpin. Ní wákàtí kan lẹ́yìn náà, ó gbé ọmọ rẹ̀ sórí ọ̀kadà, ó fi aṣọ dè é mọ́ ara rẹ̀, ó kọjá lára mi lójú ọ̀nà, ó ń lọ sí ọsibítù.

Kò dá a padà sọ́dọ̀ mi. Ó fi í sí ilé ìwé kan ní Ìdóàní, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. N kò lè bá a wí. Ṣùgbọ́n n kò jókòó sílé sunkún. Mo kọ́kọ́ lọ bá dókítà ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn, mo sọ irọ́ mi fún un. Ó ní kí n jókòó, ó ní kì í ṣe èmi nìkan ló ti ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà mo padà sórí bẹ́ǹṣì, mo dìde dúró níwájú wọn, mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Àwọn kan bínú sí mi, ìyá kan ní kí n dá àwọn oògùn tí òun yá mi padà. Mo gbà. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Mo bá àwọn ìyá ìjọ sọ̀rọ̀ ní Ìmórù, mo bá àwọn olùkọ́ sọ̀rọ̀. Ohun kan náà ni mo ń sọ: ọmọ tó ń mu omi láìdákẹ́, tó ń tọ̀ láìdákẹ́, tó ń jẹun tó sì ń rù, kò sí oògùn àgbà kankan fún un, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lónìí, ẹ má fi di ọ̀la.

Ní oṣù márùn-ún lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Àfò, wọ́n gbà mí láàyè ní gbọ̀ngàn ìjọ Kátólíìkì kan ní Ìdóàní, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́, n kò dárúkọ ọmọ, n kò dárúkọ ìlú. Mo sọ ti ọ̀bẹ tí mo fi gé oògùn. Mo sọ ti irọ́ mi. Bí mo ṣe parí, obìnrin kan dìde ní àárín, ó di ìbòrí rẹ̀ mú lọ́rùn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ó ní, "Ọmọ náà ńkọ́? Ó kú, àbí?"

Kí n tó lanu, ẹnì kan ti dáhùn lẹ́yìn.

"Kò kú. Òun nìyí."

Mo mọ ohùn náà. Ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ sókè kí gbogbo wọn lè rí i. Ọmọ náà ti ga sí i. Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Bàbá rẹ̀ kò wò mí.

Mo rò pé obìnrin yẹn yóò jókòó. Kò jókòó. Ó wo ọmọ náà pẹ́, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní tòun náà wà nílé, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó ti pé ọjọ́ mẹ́rin tó ti ń mu omi bẹ́ẹ̀, pé láti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni bàbá àgbà rẹ̀ ti ń pín oògùn tirẹ̀ fún un.

Bàbá ọmọ wa ni ó kọ́kọ́ rìn. Ó gba àárín àwọn bẹ́ǹṣì kọjá, ó ti fa kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀ yọ lápò, ó sì dúró síwájú mi.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká lọ gbé e."